Kí Ni Ẹja Àrọ̀ Ń Wá Lábẹ́ Páìpù?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń sin ẹja, ẹ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí àlàáfíà ẹja tí a ń sìn, àti ohun tí títún ibùgbé rẹ̀ ṣe ń ṣe fún un. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó ń mú ẹja sanra kíákíá ni wọ́n sábà máa ń pe ènìyàn fún. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bí ayé ṣe rí fún ẹja fúnra rẹ̀ nínú omi tí a kó o sí.

Etí táǹkì kan ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Àgbàlá ẹnì kan tó ń sin ẹja ní ìlú Ìbàdàn ni mo lọ. Táǹkì oníbúlọ́ọ̀kù ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ dán, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi omi, ẹja àti páìpù kan tó dúró ní igun, èyí tí wọ́n fi ń da omi nù. Wọ́n ṣí páànù tó bò ó kí n lè rí inú rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán wọlé. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn àrọ̀ yẹn ti ń gun ara wọn lórí, gbogbo wọn fẹ́ wọ ìdí páìpù náà níbi tí òjìji rẹ̀ bọ́ sí, ibi tí kò lè gbà ju ẹja mẹ́wàá lọ. Ẹni tó ni táǹkì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń ṣeré?” Èmi ò rí eré níbẹ̀ o. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí àrọ̀ ń wá lábẹ́ páìpù. Ìdáhùn tí mo rí ni mo gbé wá fún yín lónìí.

Ẹja tí a mọ̀ láti ìran baba wa ni àrọ̀. A máa ń lò ó níbi ìsọmọlórúkọ, tí àwọn àgbà á fi gbàdúrà pé orí ni ẹja fi ń la ibú. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ní Clarias gariepinus. William Burchell ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ní 1822, láti ara odò Gariep ní Gúúsù Áfíríkà ni orúkọ náà sì ti wá. Ẹja òru ni. Lójú ọ̀sán, inú ẹrẹ̀, abẹ́ gbòǹgbò àti ihò etí odò ni ibùgbé rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú ló tó ń jáde wá oúnjẹ. Ojú rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ara rẹ̀. Irùngbọ̀n mẹ́jọ tó yí ẹnu rẹ̀ ká ló fi ń táràrà, òun náà ló sì fi ń tọ́ ayé wò. Ó ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó ń jẹ́ kó lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi, èyí ló fà á tó fi ń yè nínú omi tí epìyà á ti kú sí.

Ibi tí ìyà àrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìfaradà rẹ̀ ló ń kó bá a. Nítorí pé kì í tètè kú, a gbà pé ara rẹ̀ le. Nítorí pé ó ń jẹun, a gbà pé kò sí ohun tó ń ṣe é. A wá kọ́ ilé fún un tó dán láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí kò ní ibi ìsádi, tí kò ní òjìji, tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, a sì fi ẹja tó fẹ́ràn òkùnkùn ju ohunkóhun lọ sínú rẹ̀ fún oṣù márùn-ún, mẹ́fà. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń sin àrọ̀ tó Nàìjíríà lágbàáyé. Nítorí náà, bí a bá ṣe ẹja yìí dáadáa tàbí tí a kò ṣe é dáadáa, ọwọ́ wa ló kù sí.

Ní 1992, Britz àti Pienaar tẹ ìwádìí kan jáde ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n kó ọmọ àrọ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, wọ́n sì wo ohun tí ibi ìfarapamọ́ ń ṣe fún wọn. Ẹja ni àbí àkàn? Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí i ni ìjà àti ìsáré-síwá-sẹ́yìn ń pọ̀ sí i. Àwọn tó wà lókùnkùn farabalẹ̀, wọ́n sì dàgbà ju àwọn tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò fi kún oúnjẹ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fún wọn lógùn. Òkùnkùn, ohun tí a kì í rà lọ́jà, ni wọ́n fún wọn.

Mo mọ̀ pé ọkàn yín ti lọ sí ọ̀rọ̀ ṣúútà, ọmọ ẹja tó sáré dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ kó ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja sínú táǹkì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ kà wọ́n, wọn ò pé, díẹ̀ nínú wọn sì ti wú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ ní ìlọ́po méjì. Tom Hecht àti Samuel Appelbaum ṣàlàyé ní 1988 bí àrọ̀ ṣe ń jẹ ara wọn. Nígbà tí wọ́n kéré, ọ̀kan á gbá èkejì mú níbi ìrù, á jẹ ẹ́ dé ọrùn, á wá fi orí sílẹ̀. Bí wọ́n bá dàgbà sí i, odindi ni wọ́n ń gbé ara wọn mì. A máa ń sọ pé ìwà ọ̀dájú ló wà lára ẹja náà. Òótọ́ ni pé ebi, àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín ńlá àti kékeré, ló ń ti ọ̀rọ̀ náà síwájú; ìdí nìyẹn tí ṣíṣà wọn ní ìwọ̀n-ìwọ̀n kò fi ṣeé fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹja kékeré tí wọ́n ń lépa nínú odò ní gbòǹgbò tó lè sá wọ̀. Nínú táǹkì tiwa, níbo ni yóò sá sí? Ìmọ́lẹ̀ ń fi í hàn, ògiri dídán ń dá a padà. Bí a bá ti di gbogbo ọ̀nà àbáyọ mọ́ ẹni tó kéré, a ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ẹni tó tóbi.

Ohun kan wà nínú ìwà àrọ̀ tó máa ń ya àwọn àjèjì lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ẹja bá ṣe kéré níye nínú táǹkì ni yóò ṣe gbádùn tó. Hecht àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i láàárín 1995 sí 1997 pé ọmọ àrọ̀ tó kéré níye ló ń bá ara wọn jà jù. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ìjà ń rọlẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Wageningen ní Netherlands náà rí ohun tó jọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ìyẹn ni pé àwùjọ náà jẹ́ apá kan lára ibùgbé ẹja yìí, bó ṣe wù ú láti fara kan ẹgbẹ́ rẹ̀ lókùnkùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwíjàre fún kíkó ẹja kún táǹkì bí ìgbà tí wọ́n bá to àpò gààrí. Omi tí amóníà bá ti pọ̀ nínú rẹ̀ á bó o lára, yóò sì pa á bí ó ti wù kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò lè fi ohun tó wu ènìyàn mọ ohun tó wu àrọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹja náà la ti ń béèrè.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ṣé ẹja tilẹ̀ mọ ìrora ni? Ìbéèrè yìí ti gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Ní 2003, Lynne Sneddon, Victoria Braithwaite àti Michael Gentle ṣe ìwádìí lórí ẹja tírọ́ọ̀tì ní Scotland. Wọ́n yẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára wá láti orí rẹ̀ wò, wọ́n rí ibi 58 tó ń mọ nǹkan lára, 22 nínú wọn sì jẹ́ irú èyí tó ń gbé ìròyìn ìpalára lọ sí ọpọlọ. Wọ́n wá fi oró oyin tàbí ásíìdì ọtí kíkan sí ètè àwọn ẹja kan. Ìmí àwọn ẹja náà yára sókè, ó pẹ́ kí wọ́n tó padà sídìí oúnjẹ, àwọn tí ásíìdì kàn sì ń fi ètè ha òkúta tó wà nísàlẹ̀ táǹkì. Braithwaite kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2010. Àríyànjiyàn ṣì ń lọ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé kan, ṣùgbọ́n èmi ti mú ìhà kan. Ẹranko tó ń fi ibi tó ń dùn ún ha ilẹ̀, tí oúnjẹ kò wù ú mọ́, èmi ò lè dúró níwájú rẹ̀ kí n máa dúró de ẹ̀rí mìíràn kí n tó ṣàánú rẹ̀.

Àwọn baba wa ní tútù là á ká ẹja, bó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ní í ṣẹ́. Ẹja yíyan ni wọ́n fi ń pòwe, ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń bá wí. Ìwádìí ti wá fi hàn pé òwe náà bá ẹja alààyè mu pẹ̀lú. Ní 2006, Kihslinger àti Nevitt ní Amẹ́ríkà kó ọmọ ẹja steelhead tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sínú àwọn ọpọ́n omi. Òkúta díẹ̀ ni wọ́n fi sínú àwọn kan, wọn kò fi nǹkan kan sínú àwọn yòókù. Àwọn tó dàgbà láàárín òkúta ní apá ẹ̀yìn ọpọlọ, èyí tó ń darí ìrìn, tó tóbi ju ti àwọn tó wà nínú ọpọ́n òfìfo lọ. Òkúta lásán! Ní 2013, Anne Gro Salvanes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway fi hàn pé ẹja sámọ́ọ̀nù tí wọ́n fi òkúta àti ewéko àtọwọ́dá tún ibùgbé rẹ̀ ṣe tètè ń rí ọ̀nà jáde nínú ìdánwò ọlọ́nà-púpọ̀ ju àwọn tí wọ́n tọ́ nínú òfìfo. Nígbà náà, kì í ṣe ojú rere nìkan la ń ṣe fún ẹja bí a bá tún ibùgbé rẹ̀ ṣe. Ara rẹ̀ là ń bá kọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ọmọ ẹja ṣì rí bí okùn dúdú tín-ín-rín, ni ọ̀pọ̀ ohun tí yóò jẹ́ ti ń tò.

Ó dùn mọ́ mi láti rán yín létí pé ẹ ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ní odò, ìgbà tí òjò ńlá bá rọ̀, tí omi bo koríko etí odò, ni àrọ̀ ń lọ yé ẹyin ní òru, ẹyin náà á sì lẹ̀ mọ́ koríko. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa ọmọ ẹja mọ èyí, ẹ sì ń tẹ́ àwọ̀n sínú omi kí ẹyin lè rí ibi tí yóò lẹ̀ mọ́. Àfarawé koríko etí odò ni àwọ̀n yẹn. Láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀, ẹyin á pa, ẹ á kó àwọ̀n kúrò, láti ìgbà náà títí di ọjọ́ tí oníbàárà á nàka sí i pé “èyí ni mo fẹ́,” ẹja yẹn kò tún ní fara kan ohun kan tó jọ ilé rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ẹ má jẹ́ kí inú rere yẹn parí sí ọjọ́ kìíní.

Àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin tiẹ̀ ti lọ jìnnà lójú ọ̀nà yìí kí yunifásítì kankan tó sọ̀rọ̀. Lórí adágún Nokoué, níbi tí ìlú Ganvié dúró lórí òpó, àwọn apẹja máa ń gún ẹ̀ka igi púpọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n ń pè é ní akaja. Ẹja á rí òjìji àti ibi ìsádi láàárín igi, nǹkan tútù á hù sára ẹ̀ka náà, ẹja á máa jẹ ẹ́. Robin Welcomme kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1972, ó sì gbé ìwọ̀n ẹja tó ń jáde níbẹ̀ yẹ̀wò. Nígbà tó yá, ní ọ̀sà Ebrié ní Côte d’Ivoire, àwọn olùwádìí gún ọparun sínú ọgbà ẹja epìyà ní àpẹẹrẹ akaja. Mo ti dúró létí omi wo akaja rí. Lójú àlejò, bí pàǹtírí igi ni. Lójú ẹja, ìlú ni. Akaja ní àbùkù tirẹ̀ náà o: igi tí wọ́n ń gé fún un pọ̀, ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn apẹja. Bí a bá fẹ́ lò ó nínú kòtò tiwa, ọparun ló yẹ wá, kì í ṣe igi inú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà.

Ní erékùṣù Mallorca, ní Sípéènì, Pablo Arechavala-Lopez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so okùn tí wọ́n fi ewéko ṣe kọ́ sínú àgọ́ ẹja òkun kan tí wọ́n ń pè ní seabream. Ìjà dínkù, lẹbẹ ẹja kò já tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Okùn lásán ni, tí oníṣòwò èyíkéyìí ní ọjà wa lè gé fún yín.

Kò yẹ kí n fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ohunkóhun tí a bá sọ sínú omi ló ń ṣe ẹja lóore. Epìyà yàtọ̀ sí àrọ̀. Akọ epìyà máa ń gba ilẹ̀, á fi ẹnu gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, á sì lé gbogbo akọ mìíràn kúrò níbẹ̀. Ní Potogí, Leonor Galhardo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí irú epìyà kan ní 2008, wọ́n gba iyanrìn kúrò nísàlẹ̀ omi àwọn kan. Àwọn akọ yẹn ṣì ń ṣe bí ẹni ń gbẹ́ ìtẹ́ lórí ilẹ̀ gbalasa. Mo máa ń ronú kan àwọn akọ yẹn, tí ẹnu wọn ń gbẹ́ ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n ìhà kejì wà: níbi tí akọ epìyà púpọ̀ bá ti wà, ohun dídára kan ṣoṣo tí ẹ bá gbé sínú omi lè di ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Bí ẹ bá máa fún wọn, ẹ fún wọn kó pọ̀ tó kárí. Fún àrọ̀ náà, páìpù kan ṣoṣo ní igun ni gbogbo wọn ń pa ara wọn lé lórí ní Ìbàdàn lọ́jọ́sí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ń ká mi lára, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sábà dárúkọ rẹ̀ bí a bá ń sọ nípa ibùgbé. Ní 1938, Karl von Frisch, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́yìn náà nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwà ẹranko, kọ̀wé pé bí awọ ẹja kékeré kan bá bó, ohun kan á tú sínú omi láti ara rẹ̀ tí ẹ̀rù á fi ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Wageningen ti dán an wò lára àrọ̀, àrọ̀ náà sì ń gbọ́ òórùn ìkìlọ̀ yìí. Ẹ wá wo ohun tó túmọ̀ sí. Bí ẹ bá ń ṣa ẹja, tí àwọ̀n líle bó àwọn kan lára, ẹ̀rù ti ba gbogbo táǹkì. Bí ẹ bá ń pa ẹja fún oníbàárà lẹ́bàá táǹkì, tí omi ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn padà wọlé, ìròyìn ikú lẹ ń bù fún àwọn tó kù. Òórùn omi jẹ́ ara ibùgbé wọn. Ẹ gbé pákó ìpẹja jìnnà. Ẹ lo àwọ̀n tí kò ní kókó. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Ìyá kan bi mí nígbà tí mo ń bọ̀ pé, “Dókítà, èrè dà níbẹ̀?” Mo dá a lóhùn pé Màmá, èmi ò ní parọ́ fún yín. Ti òkùnkùn, ìwádìí fi hàn pé àrọ̀ ń dàgbà sí i. Ti páìpù, okùn àti òkúta, ibòmíràn ẹja á tóbi sí i, ibòmíràn ìwọ̀n rẹ̀ kò ní yí padà, ohun tó sì sábà ń hàn ni pé egbò dínkù, lẹbẹ kò já, ẹja kò tètè dààmú bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ẹja tí ara rẹ̀ pé rọrùn láti tà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Màmá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ti ẹja tí ara rẹ̀ pé yẹn làwọn gbọ́.

Wàhálà rẹ̀ náà wà, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ táǹkì lẹ ó kọ́kọ́ rí i. Ìdọ̀tí á fara pamọ́ síbi tí ẹja fara pamọ́ sí. Páìpù tí wọ́n gé tí wọn ò fi iná tàbí fáìlì dán ẹnu rẹ̀ á ya ẹja lára. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù á jẹrà, á sì ba omi jẹ́. Ojú oró tó bo gbogbo ojú omi kòtò kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Nítorí náà, bí mo bá wà ní ipò yín, orí òkùnkùn ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀: tapólì dúdú tàbí àwọ̀n òjìji lórí ìdá méjì nínú mẹ́ta táǹkì, kí ìyókù ṣí fún fífún wọn lóúnjẹ àti fún yín láti wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn páìpù ńlá tí ẹnu wọn dán, tí ẹ so pọ̀ bí ìdì igi, tí ẹ lè fi okùn fà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ fífọ̀ tàbí lọ́jọ́ kíkó ẹja. Ẹ yẹra fún ọ̀rá tó ti kó kẹ́míkà rí. Bí ẹ bá sì fẹ́ wo ẹja yín dáadáa, ẹ lọ bá a lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú rẹ̀. Ẹja tí ẹ máa rí lóru yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rò pé ẹ mọ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín kí n tó jókòó. Ẹni mẹ́fà ni mo ń wá nínú ẹgbẹ́ yìí, tó ní táǹkì méjì tó dọ́gba, tí wọ́n fẹ́ kó ọmọ ẹja kan náà sínú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ bo ọ̀kan, kí ẹ sì fi páìpù sínú rẹ̀. Ẹ fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Oúnjẹ kan náà, omi kan náà. Lọ́jọ́ ṣíṣà kọ̀ọ̀kan, ẹ ka àwọn tó kù, ẹ ka àwọn tó ní egbò níbi ìrù àti lẹbẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti fa ìlà sínú ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́fà fún yín. Wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú bírò.